Ìgbà Mẹ́rin Ni Wọ́n Pè

Ní gbogbo àsìkò tí mo fi ṣiṣẹ́ ní Sùúrùlérè, kò sẹ́ni tó fi orúkọ mi pè mí. "Kútọnu" ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe ará Kútọnu. Ṣábẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Mo kàn lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Kútọnu fún ọdún mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n lójú ará Èkó, gbogbo ilẹ̀ tó bá ti kọjá bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu ni, ẹni tó bá sì ti ibẹ̀ wá, Àgànyìn ni.

Nígbà tí mo ń bọ̀, mi ò kà á sí pé ẹ̀yìn odi ni mò ń lọ. Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Yorùbá ni èmi náà ń sọ. Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo fẹ́ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ obìnrin kan ní Ojúẹlẹ́gba, mo sì kí i bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa. Ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, "Kí ni eléyìí ń wí?" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó la ẹnu. Ẹni tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, wọ́n á ní àlejò ni. Ẹni tí tirẹ̀ fi díẹ̀ yàtọ̀, wọ́n á ní kò gbọ́n.

Ọ̀gá Ládiípọ̀ ló gbà mí síṣẹ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan ní Lawanson níbi tí wọ́n ti ń da fídíò kọ láti inú kásẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn: fíìmù àgbéléwò, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde. Èèyàn gíga ni, aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí, kì í sì í pariwo. Lọ́jọ́ tó fẹ́ dán mi wò, ó ní kí n jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kí n tẹ lẹ́tà ìlà mẹ́rin. Mo tẹ̀ ẹ́ láìwo ọwọ́ mi, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣeé kà níbẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù àwọn Faransé ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ibi tí mo mọ̀ sí A, Q ni wọ́n fi síbẹ̀ níhìn-ín, M náà sì ti sá lọ sí ìlà ìsàlẹ̀.

"Ṣé o mọ kọ̀ǹpútà lóòótọ́ ṣá?" Ọ̀gá bi mí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní wákàtí kan."

Ó yíjú sẹ́yìn. "Fúnkẹ́, ẹ̀yin ará, ẹ wá wo èdè Kútọnu o."

Gbogbo ọ́fíìsì wá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Fúnkẹ́, ọmọbìnrin tó máa ń jókòó nídìí fóònù lẹ́nu ọ̀nà, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wákàtí kan yóò fi pé, mo ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù wọn bó ti yẹ. Ọ̀gá gbà mí, ṣùgbọ́n orúkọ tó fún mi lọ́jọ́ náà ló mọ́ mi lára.

Mùṣin ni mo gba yàrá sí, nínú ilé oníyàrá púpọ̀ kan tó kọjú sí àwọn mẹkáníìkì. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ìkòkò irin ìyá kan tó ń gbé ní yàrá kejì sọnù. Mo ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí wọ́n pè mí. Kí n tó dé, ìyá onílé ti ṣílẹ̀kùn mi, wọ́n ti da báàgì mi sílẹ̀, aṣọ abẹ́ mi wà lórí sìmẹ́ńtì lójú gbogbo ayálégbé. Kò pẹ́ ni ẹnì kan rántí pé wọ́n ti yá ìkòkò náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ìyá onílé kàn ní, "Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ẹ̀yìn bọ́dà yẹn wá, a ò mọ̀dí yín." Mo ṣa aṣọ mi níkọ̀ọ̀kan. Mo ní "Ẹ ṣé, mà." Títí dòní, ẹ̀ṣé yẹn ló ń dùn mí ju aṣọ tí wọ́n dà sílẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni síídì fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Èkó. Ọ̀gá rí i pé kásẹ́ẹ̀tì kò ní pẹ́ kógbá sílé. Ó ra káàdì kan tó ń gba àwòrán láti inú kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà, ẹnì kan tó ti ìlú òyìnbó dé sì bá a mú dísìkì kan wá. Ó gbé dísìkì náà síwájú mi.

"Kútọnu, o ní o mọ ètò kọ̀ǹpútà kọ. Kọ èyí tó máa sọ kásẹ́ẹ̀tì di síídì."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà bí mo bá ṣe lè ṣe é. Fídíò tí ẹ rí tó ń rìn yẹn, àwòrán tó dúró ni, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá kó gbogbo wọn sínú síídì bẹ́ẹ̀, fíìmù kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí síídì á fi kún. A gbọ́dọ̀ fún wọn pọ̀ ni: ohun tí kò bá yí padà láti àwòrán kan sí èkejì, a ò ní kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣirò tó wà nídìí èyí ju agbára mi lọ, ṣùgbọ́n àwọn kan ti ṣe é sílẹ̀ sínú dísìkì náà. Láíbìrì ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ, tí èèyàn á máa rán níṣẹ́ láti inú ètò tirẹ̀. Tèmi ni kí n ṣí i, kí n sọ fún un bí àwòrán ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe ga tó, kí n máa fi àwòrán lé e lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, kí n máa gba èyí tó bá ti fún pọ̀, kí n sì máa kọ ọ́ sí fáìlì.

Lẹ́nu, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Oṣù mẹ́rin ló gbà mí.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ìtọ́ni rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò sì ju ti ẹni tó ń dúnàádúrà lọ. Fúnkẹ́ ló ń bá mi kà á lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. A ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ọ́fíìsì, a ó fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà àgànyìn, yóò máa ka ìlà kan, yóò máa túmọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé àwọn ará Èkó fẹ́ràn ẹ̀wà àgànyìn, Àgànyìn fúnra rẹ̀ ni wọn ò fẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni mo lè pè ní ọ̀rẹ́ ní gbogbo Èkó.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ètò náà mú nǹkan jáde, ìgbéyàwó kan ni mo fi dán an wò. Mo pe Ọ̀gá. Ó wá, ó dúró, ó wò ó. Ìyàwó jáde, ọkọ jáde, ojú àwọn méjèèjì sì dà bíi ti ẹni tí wọ́n rì bọ inú aró. Láíbìrì náà ń fẹ́ kí n kó ìmọ́lẹ̀ àwòrán fún un lọ́tọ̀, kí n kó àwọ̀ méjì tẹ̀lé e. Èmi ti fi àwọ̀ kejì ṣáájú ìkíní.

"Ṣé báyìí ni ìyàwó ṣe ń rí ní Kútọnu?" Ọ̀gá béèrè. Ó pe gbogbo wọn wá wò ó. Ó ní kí n má pa á, kí wọ́n lè rí i dáadáa. Odindi ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń pè mí ní Aláró.

Ṣùgbọ́n mo tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí ojú ìyàwó yẹn padà pupa bó ṣe rí gan-an, èmi nìkan ni mo jókòó síwájú rẹ̀, mo sì pa àtẹ́wọ́ fún ara mi, jẹ́jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń pe ilé. Kábíìnì fóònù kan wà nítòsí ibùdókọ̀ ní Ṣábẹ̀. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi Màtíyọ̀ yóò ti mú ìyá wa débẹ̀, èmi náà yóò ti tò sórí ìlà ní ilé-iṣẹ́ oní-fóònù ní Ojúẹlẹ́gba. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kí Sọ́ńdè tó pé, Màtíyọ̀ ní nọ́ńbà ọ́fíìsì wa.

Ìyá wa kò gbà pé wáyà lè gbé ohùn dé Èkó láìjẹ́ pé èèyàn ràn án lọ́wọ́. Ṣe ló máa ń pariwo.

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ní ò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń sọ àwòrán di kékeré, Ìyá, kó lè wọ inú síídì."

"Ta ló ní ó tóbi jù?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ?" Mo ní wọ́n ń tọ́jú mi. Ó ní, "Wọ́n ń pe orúkọ rẹ dáadáa?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òpin ọ̀rọ̀ tí èmi àti ìyá mi bá ara wa sọ nìyẹn, irọ́ méjì ni mo sì fi dá a lóhùn.

Ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí. Oníṣòwò fíìmù kan láti Ìjọrà fẹ́ wá wò ó, bó bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, gbogbo fíìmù rẹ̀ ni yóò kó wá fún wa. Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù. Fíìmù máa ń já kó tó dé òpin, ẹ̀rọ tó ń lu síídì á sì gan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wá ìdí rẹ̀.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, Ọ̀gá yí padà sí mi. Ó ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá bá mi nídìí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí mi lọ́wọ́, kí wọ́n máa gbé gbogbo fóònù wá fún òun fúnra rẹ̀. Fúnkẹ́ kò wá sórí bẹ́ǹṣì mọ́. Mo rò pé wọ́n bá a wí nítorí mi ni. Inú mi dùn sí Ọ̀gá nígbà náà. Mo ní ó ti wá mọ̀ pé èèyàn ni mí.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo rí i. Láíbìrì kì í tú gbogbo àwòrán sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń mú díẹ̀ dání, kó lè fi wọ́n wé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí àwòrán bá tán, èèyàn gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó tán, kó sì máa gba ìyókù títí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣófo. Ìlà mẹ́ta péré ni. Mo kọ ọ́. Fíìmù ìdánwò náà ṣeré dópin, ó dúró wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà láti Ìjọrà dé. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n tún un lù.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Àwa náà ni, sà," Ọ̀gá dáhùn, ó sì fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀.

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé mínírà wá fún gbogbo ọ́fíìsì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìgò tèmi fún mi. Mo wò yí ká. Fúnkẹ́ kò mu. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo lọ bá a.

"Kí ló dé?"

"Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀gá ní òun á lé mi kúrò bí mo bá sọ fún yín."

"Kí ló dé, Fúnkẹ́?"

"Wọ́n pè yín láti ilé. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n pè."

Ó sọ ọ́ fún mi níbẹ̀, lórí ìdúró. Ìpè àkọ́kọ́, ìyá mi ń ṣàìsàn, ó ń béèrè mi. Ìkejì, ó ṣì ń béèrè mi. Ìkẹta, ó ti kú, wọ́n gbé e sí ilé ìgbókùúsí, wọ́n ń dúró dè mí. Ìkẹrin, àlùfáà ní àwọn kò lè dúró mọ́, ṣé kí àwọn máa sin ín? Fúnkẹ́ ló ń kọ́kọ́ gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán, kó tó gbé fóònù fún Ọ̀gá.

Mo padà wọlé. Ìgò mínírà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Ọ̀gá, ìyá mi kú?"

Oníbàárà náà ti lọ. Ọ̀gá Ládiípọ̀ gbé gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ lónìí. Ká ní mo ti sọ ọ́ ṣáájú, ṣé wàá parí ẹ̀?"

"Ó ń béèrè mi, sà. Ó ṣì wà láàyè nígbà yẹn."

"Ṣé dókítà ni ẹ́ ni? Bó o bá lọ, ṣé o máa mú un dìde?" Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ. "Jókòó, Kútọnu. Mu mínírà ẹ. Màá fún ẹ láyè ọjọ́ mẹ́ta."

Nígbà tí mo dé Ṣábẹ̀, wọ́n ti sin ìyá mi, wọ́n sì ti fi sìmẹ́ńtì dí ojú oórì náà. Màtíyọ̀ jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn, kò dìde.

"O tètè dé," ó ní.

"Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò sọ fún mi."

"Ọ̀gá rẹ ní òun sọ fún ọ. Nígbà tí mo pè kẹ́yìn, ó ní kí n dúró, òun fẹ́ bi ọ́ léèrè. Mo dúró lórí fóònù. Ó padà wá, ó ní o ní iṣẹ́ pọ̀, o ní ká máa sin ín lọ."

Èyí ni Fúnkẹ́ kò mọ̀. "Irọ́ ni. Mo fi Ọlọ́run búra, irọ́ ló pa."

"Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńlá, kí ló fẹ́ parọ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún mi. Màtíyọ̀ wo omi náà, ó wo ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà sì gbé omi padà wọlé. Yàrá tí wọ́n sin ìyá wa sí, títì ni wọ́n tì í. Mo béèrè kọ́kọ́rọ́. Kò fún mi. Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, mo sọ ohun tí mo ní í sọ fún pákó, mo sì padà sí Èkó.

Ẹni tó bá ti kúrò nílé lọ ṣiṣẹ́ níbòmíì máa ń rò pé ìlú méjì ni òun ní báyìí. Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo rí i pé èèyàn lè ní méjì, kó má sì ní ọ̀kankan. Ní Èkó, Kútọnu ni mí. Ní Ṣábẹ̀, mo ti di ẹni tí iṣẹ́ Èkó jẹ lógún ju ìyá rẹ̀ lọ. Kò sí ibi tí mo lè dúró sí kí n sọ pé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ mí.

Ohun kan péré ló wà lọ́wọ́ mi. Ètò tó ti parí ló wà nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, èyí tó kàn ń ṣiṣẹ́. Kóòdù tí mo fọwọ́ kọ, èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó lè yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀, inú dísìkì tèmi ló wà, nítorí wọn kò jẹ́ kí n fi nǹkan tèmi kún kọ̀ǹpútà wọn. Oníbàárà láti Ìjọrà sì ti ní òun fẹ́ kí orúkọ òun máa hàn ní igun àwòrán. Ọ̀gá ti ń wá mi.

Mo sọ fún un pé, "Ẹ ó pe ẹ̀gbọ́n mi lójú mi. Ẹ ó sọ òótọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó gba dísìkì."

Ọ̀gá béèrè, "Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti ń retí ohun tó burú ju ìyẹn lọ.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì àfi àwa méjèèjì. Kò dá mi lójú pé Màtíyọ̀ yóò wà níbẹ̀, torí ta ló tún fẹ́ mú wá sí kábíìnì? Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Fóònù kò dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tó fi gbé e. Ọ̀gá tẹ bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí ohùn jáde síta.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi ni ọ̀gá àbúrò yín. Mo fẹ́ sọ fún yín pé mi ò jíṣẹ́ yín fún un. Kò mọ̀ pé ìyá kú. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yẹn sọ."

Ó sọ ọ́ dáadáa. Mi ò lè sọ pé kò sọ ọ́ dáadáa. Ó tún ní, "Ẹ má bínú." Wáyà ń hó ṣùùù. Màtíyọ̀ wá sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ohùn yín yìí kan náà ló sọ ti àkọ́kọ́ fún mi. Ó dùn létí bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Èwo nínú méjèèjì ni kí n gbà gbọ́?"

Ọ̀gá gbójú sókè wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo pariwo sí fóònù bí ìyá wa ṣe máa ń ṣe, "òótọ́ ló ń sọ!"

"Ṣé ẹ ń gbọ́?" ni Màtíyọ̀ wí, Ọ̀gá ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbẹ̀. Ó ń kọ́ yín ní ohun tí ẹ máa sọ." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ọ̀gá Ládiípọ̀ tẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Mo ti ṣe tèmi."

Mo gbé dísìkì náà lé e lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Mi ò mọ̀. Àdéhùn ni a ṣe, ó sì sọ òótọ́ náà lóòótọ́. Mo jáde, mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Yábàá ni mo ṣiṣẹ́ sí lẹ́yìn náà, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì. Wọ́n bi mí léèrè orúkọ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì ń pè é, pẹ̀lú Àǹtí níwájú. Mo tún ètò náà kọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fi kọ ọ́. Ayọ̀ kékeré nìyẹn, mi ò sì ní ẹni tí màá pè láti sọ fún.

Nígbà tí ọdún yípo, mo lọ sílé. Mi ò mú ẹ̀rí kankan dání, torí kò sí ẹ̀rí kankan mọ́. Ọ̀sán gangan ni mo dé. Wọ́n ń jẹun. Màtíyọ̀ rí mi láti inú ilé, ó ń jẹun rẹ̀ lọ. Mo dúró lójú oòrùn títí ó fi jẹ ẹ́ tán tó sì ṣan ọwọ́. Ó wá jáde síta, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò rẹ̀. Irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Ó ti wá fi ojú jọ ìyá wa.

"Mi ò gbà ọ́ gbọ́ o," ó ní. "Kó o mọ̀. Mi ò rò pé màá gbà ọ́ gbọ́ láyé."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó jù ú sí mi lọ́wọ́, ó sì padà wọlé láìwẹ̀yìn.

Mo ṣílẹ̀kùn yàrá náà. Ẹnì kan ti gbá a láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ipa ìgbálẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì tútù náà. Mo ní, "Ìyá, wọn ò pe orúkọ mi dáadáa." Lẹ́yìn náà ni mo wá sunkún.